Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn: ọ̀rọ̀ ìgbakọ àti kúlà

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, àwọn olóṣèlú la sì sáábà máa ń pa á fún, ojú wọn bá ti yọ lórí tẹlifíṣọ̀n báyìí, òwe ti dé ẹnu wa. Ṣùgbọ́n olóṣèlú kọ́ ni mo fẹ́ bá wí lónìí, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bá ara mi wí ná, torí èmi gan-an ti jẹ àjẹìwẹ̀yìn rí, mo sì ru igbá mi délé, igbá gidi o, kì í ṣe àfiwé.

SS3 ni mo wà nígbà yẹn, ní bọ́dìn kan nílùú Ìbàdàn yìí, wọ́n wá fi mí ṣe fúùdù pírífẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá gbé bọ́dìn rí á mọ̀ pé ẹni tí ìgbakọ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọba ni. Àmàlà ọjọ́ Sátidé, á máa ru èéfín nínú kúlà ńlá, gbẹ̀gìrì lọ́tọ̀, ewédú lọ́tọ̀, wọ́n sì ti ka ẹran, ẹyọ kan fún ẹnì kan. Tèmi ni mo máa ń kọ́kọ́ bù. Ẹran mẹ́ta, pẹ̀lú ṣàkì tó bá fẹ̀ jù, màá wá fi ewédú bò ó mọ́lẹ̀ kí tíṣà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ má baà rí i, kí n tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín fún wọn. Ọmọ JS1 tó bá bọ́ sẹ́yìn lórí ìlà, omi ọbẹ̀ lásán ni, èyí tó fi lè wo ojú ara ẹ̀.

Kíṣìnì wà nísàlẹ̀, ibi tá a ti ń jẹun wà lókè, ẹ mọ bí ilẹ̀ Ìbàdàn ṣe rí, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Tá a bá jẹun tán, kúlà gbọ́dọ̀ padà sí kíṣìnì, àwọn ọmọ kéékèèké ló sì máa ń bá mi gbé e. Lọ́jọ́ Sátidé kan mo pariwo pé, "Ẹ wá gbé kúlà!" Ẹnikẹ́ni ò bú mi o, wọn ò jà, kò ṣáà sẹ́ni tó wá. Ọ̀kan ń so okùn bàtà tí kò tú, òmíràn ní wọ́n ń pe òun, èyí tó kéré jù wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, inú ń run mí." Inú ẹ̀ á ṣe má run ún, ẹni tí mo bu omi ọbẹ̀ fún! Bí mo ṣe gbé kúlà méjì nìyẹn, ọ̀kan lórí, ọ̀kan lọ́wọ́, gbẹ̀gìrì tó kù ń dà sí mi lọ́rùn, ó dà sí ṣòkòtò funfun mi. Ìyá tó ń se oúnjẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé ìwọ nìkan lo jẹ ẹ́ ni, tó fi jẹ́ ìwọ nìkan lò ń rù ú?"

Màmá ò mọ ohun tó sọ. Títí dòní mi ò tíì gbàgbé ẹ̀.

Ohun tí mo wá rí nínú òwe yẹn ni pé kò ní kí àgbà má jẹun. Ọ̀pọ̀ tíṣà ló máa ń ṣì í, wọ́n á máa kọ́ ọmọ pé aṣáájú ni ẹni tó ń febi pa ara ẹ̀, ọmọ á wá wò ó, á ní kí n wá ṣe oyè yẹn kí n rí kí ni? Òwe ní wẹ̀yìn. Jẹun, ṣùgbọ́n bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó kù. Àwọn ọmọ tó dúró sẹ́yìn àgbà láyé àtijọ́, àwọn náà ni wọ́n máa ń ru igbá, nítorí náà oúnjẹ tó fi sílẹ̀ kì í ṣe sàráà.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń jọba nílùú wa. Ìbàdàn ò ní ilé ọba kan tí bàbá ti ń gbé adé lé ọmọ lórí. Mọgàjí lèèyàn máa kọ́kọ́ jẹ, ìyẹn olórí agboolé, iṣẹ́ ẹ̀ sì ni kó máa parí ìjà, ìjà ilẹ̀, ìjà tọkọtaya, ìjà ẹni tó da omi ìdọ̀tí sójú ọ̀nà ẹnì kejì, wọ́n lè wá kan ilẹ̀kùn ẹ̀ láago 3 òru. Ibẹ̀ ló ti máa di Jagun, ìyẹn oyè tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, á wá máa gun àkàsọ̀ díẹ̀díẹ̀, bóyá lọ́nà Ọ̀tún ni o, bóyá lọ́nà Balógun, ìpele tó wà lọ́nà kọ̀ọ̀kan sì lé ní 20. Ọba Rashidi Ládọjà, ọdún 1993 ló ti jẹ Jagun, ó tiẹ̀ ṣe gómìnà láàárín ẹ̀, síbẹ̀ oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ló tó gorí ìtẹ́ Olúbàdàn. Mi ò ní gbogbo ẹni tó gun àkàsọ̀ yẹn ló sin ìlú dáadáa o, a mọ ara wa, ṣùgbọ́n ètò ọ̀hún fúnra ẹ̀ gbọ́n: kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ agboolé ná.

Ẹni tó bá sì rò pé wọ́n á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òun torí pé òun ń sìn wọ́n, kó yáa tètè gbọ́. Ìbàdàn yìí ni Awólọ́wọ̀ jókòó sí tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Jánúárì 1955. Bàbá tiẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, ó ṣiṣẹ́ kiri kó tó rówó iléèwé, nígbà tọ́wọ́ ẹ̀ wá ba ìgbakọ, ó bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n owó orí tí wọ́n fẹ́ fi ṣe é bí àwọn èèyàn nínú, ẹgbẹ́ ẹ̀ sì fìdí rẹmi ní Ìwọ̀ Oòrùn nínú ìbò àpapọ̀ ọdún 1954, kí ọmọ kankan tó wọ kíláàsì ọ̀fẹ́ yẹn rárá.

Mo ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tí mò ń ṣe fáwọn ọmọ ní Òkè-Àdó níbí. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá gba ipò kìíní la máa ń fi ṣe mọ́nítọ̀, ìyá kan tiẹ̀ gbé páálí jùúsì wá fún mi nítorí oyè yìí (mo mu jùúsì yẹn, ẹ dárí jì mí, ọmọ ẹ̀ ò sì ṣe mọ́nítọ̀). Ní báyìí, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, òun lá kọ́kọ́ gbálẹ̀ kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ 2. Tá a bá ra pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, òun lá pín in, òun lá sì mú kẹ́yìn. Tí kò bá wá kárí, òun ni kò kà á dáadáa, kì í ṣe pé à ń fìyà jẹ ẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ ṣe é fún ọjọ́ 4, ó ní òun ò ṣe mọ́, a gbà fún un, òótọ́ ló sọ. Bàbá ọmọ kan tún pè mí lórí fóònù pé ọmọ òun kì í gbálẹ̀ nílé, kí ló dé tí mò ń sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀. Mo ní bàbá, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ta ló wá ń gbálẹ̀ nílé yín? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun á tún pè mí padà. Kò tíì pè.

Ọmọ ẹ̀ yẹn ló na ọwọ́ sókè lọ́jọ́ Thursday tó kọjá. Ó fẹ́ ṣe mọ́nítọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó ní, "Àǹkú, tí mo bá ń gbálẹ̀ fún wọn, ṣé wọ́n á ṣì máa bẹ̀rù mi?"

Kí n tó la ẹnu, ọmọbìnrin kan ti dá a lóhùn látẹ̀yìn: "Ta ló ń bẹ̀rù ẹ tẹ́lẹ̀?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀, ó wá lọ mú ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.