Òfo Tí Asẹ́ Orúkọ Gbé Wá Kò Sọ Pé Káàṣì Ò Sí ní Abẹ́òkúta

Àwọn tó ń ṣe geocaching, eré fífi ike pamọ́ àti wíwá a kàn, tún ti sọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí: "Mo tẹ Olúmọ sí asẹ́ orúkọ, òfo ló gbé wá. Kò sí káàṣì kankan ní Abẹ́òkúta, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹni tuntun á bẹ̀rẹ̀ geocaching, èyí ni wọ́n á kọ́kọ́ fi kọ́ ọ, kí wọ́n tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà GPS, òun náà á sì ta á látaré fún ẹlòmíì. Asẹ́ orúkọ, àpótí tí a ń tẹ orúkọ káàṣì sí lórí ìkànnì kó lè bá wa wá a, ò mọ Abẹ́òkúta, kò sì mọ Òkè Olúmọ. Lẹ́tà ló ń fi wé lẹ́tà. Bó bá gbé òfo wá, ohun tó sọ kò ju pé òun ò rí ohun tí ẹ tẹ̀, bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé ihò asẹ́ ló ń pinnu ohun tó máa kọjá àti ohun tó máa dúró lókè.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà: ẹnì kan á fi ike tàbí agolo kékeré pamọ́ síbì kan, ìwé pélébé á wà nínú rẹ̀, á sì kọ nọ́ńbà GPS ibẹ̀ sórí ìkànnì. Ẹlòmíì á wá a kàn, á fọwọ́ sí ìwé, á dá a padà sí àyè rẹ̀. Ike yẹn là ń pè ní káàṣì. Nọ́ńbà leré náà fi bẹ̀rẹ̀, orúkọ kọ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣíwọ́ dída àmì GPS rú fún aráàlú. Lọ́jọ́ kejì, Dave Ulmer gbé garawa dúdú kan pamọ́ sí ẹ̀bá Beavercreek ní Oregon, ó sì kọ N 45° 17.460 W 122° 24.800 sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó wá a rí kò tẹ orúkọ kankan sínú àpótí kankan. Kódà ọ̀rọ̀ náà, geocaching, kò tíì délẹ̀ nígbà yẹn.

Ibi tí asẹ́ orúkọ ti ń já wa kulẹ̀ jù lọ ni àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ èdè wa, ibẹ̀ ni mo sì máa jókòó sí dáadáa, nítorí àwọn tó ń pariwo "òfo ni" kì í débẹ̀ rárá.

Ẹ wo ú tó wà láàárín Olúmọ. Nínú Unicode, ètò tó ń fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà, ó lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, U+00FA. Ó sì lè jẹ́ méjì: u lásán, kí àmì òkè U+0301 wá gùn ún lórí. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Lẹ́tà ọ tó kẹ́yìn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀nà mẹ́ta ló ní: ẹyọ kan, U+1ECD, o lásán pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ U+0323, tàbí o lásán pẹ̀lú igi kékeré U+0329, èyí tí àwọn kan fi ń kọ Yorùbá. Méjì lọ́nà mẹ́ta, mẹ́fà. Ọ̀nà mẹ́fà lèèyàn lè gbà tẹ Olúmọ kí àmì rẹ̀ pé, kí gbogbo wọn sì jọra lórí fóònù.

Abẹ́òkúta ńkọ́? Lẹ́tà ẹ́ nìkan ní ọ̀nà méje: mẹ́rin pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, mẹ́ta pẹ̀lú igi kékeré, nítorí àmì òkè lè ṣáájú tàbí kó tẹ̀lé. Lẹ́tà ò ní méjì, ú ní méjì. Méje lọ́nà méjì lọ́nà méjì, ó di 28. Orúkọ ìlú kan ṣoṣo, àkọtọ́ kan ṣoṣo, ọ̀nà 28. Bí a bá so àwọn lẹ́tà pọ̀ bó ṣe yẹ, kọ̀ǹpútà á ka ẹyọ 9. Bí a bá tú gbogbo àmì sílẹ̀, á ka 12. Ẹni tó fi káàṣì pamọ́ lè tẹ ti 12, kí ẹ̀yin tẹ ti 9, kí asẹ́ sọ pé òun ò rí nǹkan kan. Kò parọ́. Ẹ̀yin lẹ ṣì í túmọ̀.

Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín dán an wò. Ẹ ṣe kọ́pì orúkọ náà síbi tí ẹ ti ń kọ ọ̀rọ̀, ẹ gbé kọ́sọ̀ sẹ́yìn ẹ́, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́pọ̀ áàpù, àmì òkè nìkan ló máa lọ. Ẹ tún un tẹ̀: bó bá ṣẹ́ ku e lásán, títú ni wọ́n tú u; bí gbogbo lẹ́tà bá lọ, ẹyọ kan ni ẹ àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ìkànnì tó bá mọṣẹ́ máa ń tún gbogbo èyí tò sí ọ̀nà kan kó tó fi wéra. Ìtúntò yẹn dára, ṣùgbọ́n kò parí iṣẹ́: á sọ 28 di 2, kò lè sọ ọ́ di 1, torí U+0329 kì í yí padà di U+0323 láéláé. Ìkànnì míì máa ń bọ́ àmì kúrò pátápátá, kí Abẹ́òkúta lè di Abeokuta. Ìyẹn ló dáa jù, bó bá bọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, tábìlì tí wọ́n fi ń bọ́ àmì, èdè Faransé àti Sípéènì ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é: ó mọ é, ó mọ ò, ó mọ ú, kò mọ ẹ àti ọ àti ṣ. Olúmọ á wá di Olumọ. Ẹni tó bá tẹ Olumo lásán, tí gbogbo wa sì ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀ torí ìkánjú, kò ní rí i.

Èyí tó burú jù ni ìkànnì àtijọ́ tó ṣì ń fi Latin-1, ètò lẹ́tà kékeré tó ṣáájú Unicode, tọ́jú ọ̀rọ̀. Latin-1 ní ò, ó ní ú, kò ní ẹ, kò sì ní àmì òkè tó lè gun lẹ́tà míì lórí. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ìlú Ẹ̀gbá ṣe ń di Ab??òkúta. Bí ẹ bá rí àmì ìbéèrè méjì níbi tí lẹ́tà yẹ kó wà, ẹ má ṣèṣẹ̀ máa wá orúkọ kankan níbẹ̀ mọ́.

Wọ́n á ní, "Ṣùgbọ́n mo tẹ Lagos, ó gbé e wá." Lagos kò ní àmì kankan lára. Ẹ lọ tẹ Èkó.

Ká tiẹ̀ ní kò sẹ́ni tó fi àmì sí i. Àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta, Oke-Ilewo, Oke Ilewo, Okeilewo: mẹ́ta nìyẹn, àpátákó ojú ọ̀nà pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan. Àwọn òyìnbó ọ̀rúndún 19 kọ ìlú yìí ní Abbeokuta, b méjì, ẹni tó bá sì fẹ́ràn ìtàn lè fi ìyẹn sọ káàṣì rẹ̀ lórúkọ. Ó lè pè é ní Under the Rock. Bó bá jẹ́ ará Jámánì tó wá ṣe iṣẹ́ ọdún kan ni, ó lè pè é ní Unter dem Felsen, kò sì sófin tó dá a dúró. Orúkọ káàṣì kì í ṣe àdírẹ́sì. Ẹni tó ni ín sì lè yí i padà lọ́la.

Ìṣòro mìíràn ni àpótí méjì tí àwọn èèyàn kà sí ọ̀kan. Lórí ọ̀pọ̀ ìkànnì, àpótí ńlá tó wà lókè ń wá ibi tí ẹ fẹ́ lọ, asẹ́ orúkọ sì wà nísàlẹ̀, láàárín àwọn asẹ́ yòókù. Bí ẹ bá tẹ Ibara, orúkọ àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta, sókè, ẹ̀rọ máàpù ló ń dá yín lóhùn, ìlú kan sì wà ní ẹkùn Okayama ní Jàpáàní tó ń jẹ́ Ibara. Ẹ ó rí káàṣì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ Pánsẹ́kẹ̀ kò dé ibẹ̀. Orúkọ kúkúrú náà ní wàhálà tiẹ̀. Ẹ̀rọ ìwákiri kan wà nínú MySQL, ètò tí ọ̀pọ̀ ìkànnì fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn, tó jẹ́ pé, bí wọn ò bá tún un ṣe, kì í ka ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ kò tó 4. Aké, lẹ́tà mẹ́ta: ààfin Aláké di ohun tí kò sí.

Àwọn asẹ́ tí ẹ ti gbàgbé tún wà. Ìkànnì lè máa rántí ohun tí ẹ yàn lọ́sẹ̀ tó kọjá: "àwọn tí mi ò tíì rí nìkan", "àwọn tó rọrùn nìkan", "irú báyìí nìkan". Ẹ tẹ orúkọ lé gbogbo ìyẹn lórí, òfo ni, ẹ wá ní orúkọ ló fà á. Káàṣì tí wọ́n ti tì pa kì í jáde nínú ìwákiri lásán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ìwé rẹ̀ ṣì wà. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ẹni tó sanwó nìkan ló lè rí ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ wọn.

Bí ẹ ṣe máa wá káàṣì ní Abẹ́òkúta nìyí. Ẹ fi asẹ́ orúkọ sílẹ̀ ná. Ẹ pa gbogbo asẹ́ yòókù rẹ́, gbogbo rẹ̀, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ tẹ N 7° 09.500 E 003° 21.000 sí àpótí ńlá tó wà lókè, inú ìlú lẹ wà yẹn, kí ẹ fún un ní kìlómítà 10 yíká. Ẹ tò ó láti èyí tó sún mọ́ jù. Bí àkójọ náà bá gùn, ẹ fà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí ẹ tó tẹ Ctrl+F, èyí tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú ojú ìwé, nítorí ọ̀pọ̀ ojú ìwé kì í gbé ìyókù wá àfi bí ẹ bá fà á débẹ̀, Ctrl+F kò sì lè rí ohun tí kò tíì dé ojú ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ojú ara yín ka orúkọ wọn.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà náà o. Ìwọ̀n (°) àti ìṣẹ́jú pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn ojúàmì leré yìí ń lò, ẹyọ kan níparí kò sì ju nǹkan bíi mítà 1.85 lọ. Ẹni tó bá ka 09.500 sí ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú àáyá 50 ti yẹ̀ ní bíi mítà 617 sí àríwá. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ní 7.09500 ti fi nǹkan bíi kìlómítà 7 bọ́ sí gúúsù. Bí E bá ṣèèṣì di W, Ivory Coast lẹ wà. Bí N bá di S, inú òkun ni. Lára àwọn tó ń sọ pé "kò sí nǹkan kan níbẹ̀", àwọn kan tiẹ̀ wà lórí omi.

Ó ṣì wù yín kí ẹ lo asẹ́ orúkọ? Ó dáa, ẹ kọ́kọ́ dán an wò fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ mú káàṣì kan tí orúkọ rẹ̀ ní àmì, tí ẹ sì ń rí nínú àkójọ, ibikíbi tó bá wà láyé. Ẹ ṣe kọ́pì orúkọ yẹn gan-an, ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú asẹ́. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì. Ẹ tún tẹ lẹ́tà mẹ́ta tó wà láàárín rẹ̀ nìkan. Bí èkíní bá yege tí èkejì kùnà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ àmì. Bí ẹ̀kẹta bá kùnà, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìkan ló ń kà. Bí èkíní pàápàá bá kùnà, ẹ pa á tì. Bó bá ń ka àárín ọ̀rọ̀, ẹ lo ibi tí kò sí àmì: bar fún Ìbarà. Orúkọ wa tó ní irú àyè bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Kútọ̀ kò fún yín ju lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kan lọ.

Mo gbà pé nígbà míì kò sí káàṣì níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n máàpù ló lè sọ ìyẹn, káàṣì àdììtú, èyí tí a gbọ́dọ̀ tú àlọ́ rẹ̀ ká tó mọ ibi tó wà, sì wà tí àmì rẹ̀ lórí máàpù lè jìnnà tó kìlómítà 3 sí ibi tí ike wà gan-an.

Bí ẹnì kan bá sì sọ fún yín nípa káàṣì kan, kóòdù ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GC. Kì í yí padà bí orúkọ bá yí, ó sì ń ṣí ojú ìwé káàṣì tí wọ́n ti tì pa. Lẹ́yìn GC yẹn, wọn kì í lo I, L, O, S àti U. Nítorí náà, bí ẹni tó kọ ọ́ fún yín bá kọ ohun tó jọ O, òdo ni. Ohun tó jọ S, 5 ni. I tàbí L, 1 ni. U, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ V tí kò ṣe ṣónṣó nísàlẹ̀.