Àkàtúnkà Ìwé Kì í Ṣe Ìmúrasílẹ̀ fún Ìdánwò

Bí ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ gíga bá ti ń sún mọ́lé, ẹni tó bá jáde lálẹ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin wa, yóò rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ iná ojú títì, tí wọ́n ń rìn lọ rìn bọ̀ pẹ̀lú fọ́tòkópì lọ́wọ́, tí wọ́n ń ka ojú ewé kan náà ní àkàtúnkà. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ohun tí ojú bá ti rí lẹ́ẹ̀mẹwàá, orí kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́. Akitiyan wọn wú mi lórí, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà, ó sì ń fi làálàá ọ̀pọ̀ ọmọ wa ṣòfò.

Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní àyọkà méjì. Wọ́n ní kí wọ́n ka ọ̀kan ní àkàtúnkà, kí wọ́n sì pa ìkejì dé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kà á, kí wọ́n wá kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí nínú rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, èyí tí wọ́n tún kà ni wọ́n rántí jù, ìdá 81 nínú 100, nígbà tí wọ́n rántí ìdá 75 nínú ìkejì. Àmọ́ lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n dán wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìdá 42 péré ló kù nínú èyí tí wọ́n tún kà, ìdá 56 sì kù nínú èyí tí wọ́n pa dé.

Ìṣẹ́jú 5 yẹn ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé tán, ojú wa ti mọ̀ ọ́n, a sì rò pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti di tiwa. Ṣùgbọ́n ìwé òfìfo ni wọn yóò gbé síwájú wa lọ́jọ́ ìdánwò. Lóòótọ́, àwọn kan wà tí àkàtúnkà dà bí ẹni pé ó gbè, àmọ́ bí a bá wò wọ́n dáadáa, a ó rí i pé wọ́n máa ń gbójú kúrò lára ìwé, tí wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn kí wọ́n tó tún wò ó. Ìyẹn ló gbè wọ́n.

Àwọn àgbà wa mọ èyí tipẹ́. Nílé kéú, áfáà kì í jẹ́ kí ọmọ fọ wàláà rẹ̀, ìyẹn pátákó tí wọ́n ń kọ ẹ̀kọ́ sí, kìkì nítorí pé ó ti kà á títí; ọmọ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ké ohun tó wà lára rẹ̀ láìwò ó, kí áfáà sì máa gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo akẹ́kọ̀ọ́ òfin tó ń kọ́ ohun mẹ́rin tí ìwé òfin àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ Faransé ń béèrè kí àdéhùn tó lè múlẹ̀: ìfohùnṣọ̀kan, ẹ̀tọ́ láti ṣe àdéhùn, ohun tí àdéhùn dá lé lórí, àti ìdí tó bófin mu. Kí ó pa ìwé dé, kí ó fi títa ilẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, kí ó ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá fún ẹ̀gbọ́n tí kò kọ́ òfin rí, lẹ́yìn náà kí ó kọ ọ́ ní Faransé. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá há sí, ibẹ̀ nìkan ni kí ó ṣí ìwé sí. Ẹni tó kàn há gbólóhùn Faransé sórí, bí ọ̀rọ̀ kan bá bọ́, gbogbo rẹ̀ lè dàrú mọ́ ọn lójú.

Ní ti àìsùn mọ́jú, oorun wà lára iṣẹ́ náà, nítorí inú rẹ̀ ni ọpọlọ ti ń fẹsẹ̀ ohun tí a kọ́ múlẹ̀. Wákàtí kan lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin sàn ju wákàtí mẹ́rin lóru ọjọ́ kan lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀la ni ìdánwò, ẹ mú ìbéèrè ọdún tó kọjá, ẹ dáhùn rẹ̀ láìṣí ìwé, ẹ tún ibi tí ẹ ti kùnà kà, kí ẹ sì lọ sùn.