Ẹ Gbé Ìwé Àdéhùn Ọjà Yìí Jáde Ká Rí I

Ọ̀rọ̀ ọjà tó gba ìgboro kan lọ́sẹ̀ yìí, a ò ní tún un rò láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tí ò tíì gbọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọjà Igbó dé Under G. Ìjọba àti iléeṣẹ́ aládàáni kan ti fọwọ́ sí àdéhùn lórí ọjà ìlú. Iléeṣẹ́ náà ló máa wó ṣọ́ọ̀bù àtijọ́, òun ló máa kọ́ tuntun, òun náà ló máa máa gbowó lórí ẹ̀ fún iye ọdún tó jẹ́ pé àwọn tó fọwọ́ sí i nìkan ló mọ̀ ọ́n, kó tó wá dá a padà fún ìjọba. Ohun tí ìwé ìròyìn yìí fẹ́ sọ sí i ò pọ̀, òun náà la sì ti ń sọ bọ̀ láti ìgbà ọ̀rọ̀ gáréèjì àti ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ: ẹ gbé ìwé àdéhùn náà jáde ká rí i. Fọ́tò ibi tí wọ́n ti ń bọ ara wọn lọ́wọ́, a ti rí i. Àwòrán ilé alájà tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ọjà náà, a ti rí i. Ìwé gan-an là ń béèrè, láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ibi tí kálukú tẹ́wọ́ sí.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A ò bá aládàáni jà. Owó ìjọba ò tó gbogbo nǹkan tí ìlú ń fẹ́, ẹni tó bá lówó tó fẹ́ fi kọ́ ọjà tàbí tó fẹ́ fi la ọ̀nà, kó máa bọ̀. Àwa ará ibí ló tiẹ̀ yẹ ká mọ̀ jù béèyàn ṣe ń jìyà tó bá ń dúró de ìjọba, ẹ wo títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìjọba ń lọ ìjọba ń bọ̀ lórí iṣẹ́ yẹn, tírélà ń pa èèyàn lójú ọ̀nà ẹlẹ́yọ̀kan, àwọn ọmọ LAUTECH ń sunkún ọ̀rẹ́ wọn, títí ìjọba àpapọ̀ fi kó o mọ́ àwọn ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ fi owó Sukuk ṣe lọ́dún 2017, bílíọ̀nù 100 náírà tí wọ́n yá lọ́wọ́ ará ìlú, síbẹ̀ náà iṣẹ́ ọ̀hún falẹ̀ títí ó sú wa. Nítorí náà tí ẹnìkan bá ní ká jẹ́ kí aládàáni wọ̀ ọ́, a ò ní lé onítọ̀hún síta.

Ṣùgbọ́n ká la ojú wa sílẹ̀. Òwò ni aládàáni wá ṣe, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Owó tó máa fi kọ́lé, ó máa lọ yá èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ ní báńkì. Báńkì àpapọ̀ fúnra ẹ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé tiẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, báńkì tó ń yá oníṣòwò lówó kì í sì í sábà gbà kó kéré sí tàwọn ọ̀gá ẹ̀. Ojú owó, èlé orí ẹ̀, èrè tí iléeṣẹ́ náà fẹ́ jẹ, gbogbo ẹ̀ pátá, inú ṣọ́ọ̀bù ló ti máa jáde, ìyẹn ni pé lápò ìyá elélùbọ́, lápò ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe, lápò aránṣọ. Gbèsè ni. Ìjọba ló tọwọ́ bọ̀wé ẹ̀, ọlọ́jà ló máa san án. Ẹni tó máa san gbèsè ò sì tíì rí ìwé gbèsè.

Ẹni tó fẹ́ gba yàrá kan ṣoṣo ní Under G, ajẹ́ǹtì máa fún un ní àgírímẹ́ǹtì kó kà kó tó san rẹ́ǹtì. Gbogbo ọjà ló wà nílẹ̀ níbí yìí, ọ̀pọ̀ ọdún, ìran tó ń bọ̀ náà wà níbẹ̀, wọ́n ní ká fọkàn balẹ̀.

A ò lè fọkàn balẹ̀, torí a ti rí irú ẹ̀ rí, ẹ̀ẹ̀kan kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì kọ́. Ẹni tó bá ń ti ibí lọ sí Èkó mọ ìtàn ẹ́sípírẹ́ẹ̀sì Èkó sí Ìbàdàn. Lọ́dún 2009 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ọ̀nà yẹn fún iléeṣẹ́ aládàáni Bi-Courtney, bílíọ̀nù 89 àti díẹ̀ náírà ni wọ́n pe iṣẹ́ náà, ọdún 25 ni wọ́n ní kí wọ́n fi máa gbowó lórí ẹ̀ kí owó wọn lè padà wọlé. Ọdún kan lọ, èkejì lọ, ẹ̀kẹta lọ, kòtò ń jìn sí i, ọkọ̀ ń ṣubú sí Ògèrè àti Ìbàfò, ní oṣù kọkànlá ọdún 2012 ìjọba gbà á padà. Iléeṣẹ́ náà ní ìjọba ló ń dí òun lọ́wọ́, ìjọba ní wọn ò rówó kó jọ ni. Ta ló jẹ̀bi? Àwa tá à ń sùn sínú gosiló ní Mowe ò lè dá ẹjọ́ yẹn, torí a ò mọ ohun tí ẹnì kìíní ṣèlérí fún ẹnìkejì, a ò mọ ọjọ́ tó yẹ kí owó ti wà nílẹ̀, a ò mọ ẹni tó yẹ kó buwọ́ lu àwòrán iṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ṣòfò báyìí. Lọ́dún 2013 wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, wọ́n pín in fún Julius Berger àti RCC, owó ìjọba náà ni wọ́n sì padà wá fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀hún.

Ti Lẹ́kí náà ń bẹ níbẹ̀. Àdéhùn ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n bá iléeṣẹ́ tó ṣe ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ṣe. Nígbà tí tóògéètì bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lópin ọdún 2011, ariwo sọ láàárín àwọn tó ń gbé àdúgbò yẹn, nígbà tó fi máa di 2013 ìjọba Èkó ti ń fi owó ìlú ra àdéhùn tí òun fúnra ẹ̀ ṣe padà. Nílé níbí ńkọ́? Ọ̀nà Séékúlà Ìbàdàn, kìlómítà 32 tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síta lọ́dún 2017, aládàáni ló yẹ kó kọ́ ọ kó sì gbowó lórí ẹ̀, ìjọba tó tẹ̀ lé e gbà á lọ́wọ́ wọn torí pé iṣẹ́ ò tẹ̀síwájú. Àwọn tí wọ́n ti wó ilé wọn lójú ọ̀nà ńkọ́, ta ló dáhùn fún wọn?

Àwọn òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ń lo irú ètò yìí láti 1992, tí wọ́n fi kọ́ ilé ìwòsàn àti ilé ìwé káàkiri, lọ́dún 2018 ni wọ́n ní àwọn ò ní fi ṣe iṣẹ́ tuntun mọ́. Ọ́fíìsì tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wọn wò ṣírò ẹ̀ lọ́dún yẹn, ó ní owó tó ṣì kù nílẹ̀ tí wọ́n máa san lórí àwọn tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀ tó bílíọ̀nù 199 pọ́n-ùn, wọ́n sì máa san án wọ inú àwọn ọdún 2040. Ẹ kíyè sí i, àwọn lè ṣírò tiwọn torí pé ìwé wà níta. Tiwa ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjà wa. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí á rí ọ̀dà pupa tí wọ́n fi kọ X sára ilẹ̀kùn páànù, sára ògiri, wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sára pákó tí màmá kan ń pàtẹ lé lórí. Àwọn màmá náà ṣì ń tajà níwájú X yẹn, èlùbọ́ wà nínú agbọ̀n, wọ́n ń wọn kóńgò, oníbàárà ń dúnàádúrà, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá kí wọn tán, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni pé ṣé ẹ mọ iye tí ṣọ́ọ̀bù tuntun máa jẹ́. Wọ́n bi àwọn alákòóso, wọ́n ní tó bá yá. Wọ́n bi ìyálọ́jà, òun náà ní wọn ò sọ fún òun. Èwo ni tó bá yá? Ọ̀dà ti wà lára ilẹ̀kùn!

Ibi tó ń dùn wá jù nìyí. Ẹni tó ti lo ogún ọdún nínú ọjà ò lè béèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n wí fún un pé tó bá yá. Ṣé ẹni tó ti wà níbẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún ní ṣọ́ọ̀bù ni, àbí ẹni tó bá kọ́kọ́ kówó wá? Tó bá jẹ́ pé owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n máa gbà, àwọn tó lówó á gba mẹ́wàá mẹ́wàá, wọ́n á wá máa fi háyà fún àwọn tó ni ọjà tẹ́lẹ̀ ní ìlọ́po méjì, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Níbo ni wọ́n máa tajà sí nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọ lọ́wọ́? Tí kọngilá bá sá lọ nígbà tí ilé ò tíì ju lẹ́ńtù lọ, ta ló ni ilẹ̀ nígbà yẹn, ṣé ìlú ni àbí báńkì tó yá a lówó? Tí àwọn oníbàárà ò bá wá, ṣé ìjọba máa fi owó ìlú dí èrè iléeṣẹ́ náà? Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ máa ń wà nínú àdéhùn báyìí, ẹyọ gbólóhùn kan péré nínú ojú ewé tí ẹnikẹ́ni ò kà, tó bá sì wà nínú èyí, a ní láti mọ̀ kí wọ́n tó wó ṣọ́ọ̀bù ẹyọ kan.

Wọ́n ní àṣírí òwò ni. Ẹnu ẹni tó fọwọ́ sí i ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde, ó sì ká wa lára gan-an. Àṣírí òwò ta ni? Ilẹ̀ ìlú ni, ọjà ìlú ni, owó ọlọ́jà ni, orúkọ ìjọba ni wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé. Tí iléeṣẹ́ náà bá ní ọgbọ́n kan tó ń fi po símẹ́ǹtì, kó fi pamọ́, a ò béèrè. Iye ọdún, iye owó, ẹni tó máa jìyà tí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́, ìyẹn ò jọ àṣírí níbì kankan.

Òfin tiẹ̀ wà. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 ní ìjọba ní ọjọ́ méje láti fún ẹni tó bá béèrè ìwé ní èsì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń sá pamọ́ sábẹ́ pé òfin àpapọ̀ ni, kò kan àwọn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti parí ìyẹn ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n ní ó kan gbogbo ìpínlẹ̀ títí dé ìjọba ìbílẹ̀. Lóòótọ́ òfin náà dáàbò bo àṣírí òwò, ṣùgbọ́n ó sọ pé tí àǹfààní ará ìlú bá ju ìpalára tó máa ṣe lọ, kí wọ́n mú un jáde. ICRC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àdéhùn báyìí lábẹ́ òfin 2005, ti ṣí ibi kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2017 tí wọ́n ń kó ìsọfúnni nípa àwọn àdéhùn wọn sí. Ìpínlẹ̀ wa náà ní àjọ tiẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé kò ṣeé ṣe.

Ohun kan tún wà. Kì í ṣe gbogbo ọjà ló di dandan kó gba ọwọ́ aládàáni kọjá. Nígbà tí iná jó ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ní January 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ ló tún un kọ́, àwọn ọlọ́jà sì padà síbẹ̀. Ká má purọ́, ìjọba ò lè ṣe ìyẹn níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ní aládàáni nìkan ló lè ṣe tiwa, ó yẹ kí wọ́n fi ìṣirò han ìlú, iye tó máa ná ìjọba tó bá kọ́ ọ fúnra ẹ̀, iye tó máa ná ọlọ́jà tó bá gba ọ̀nà yìí, fún gbogbo ọdún tí àdéhùn náà máa fi wà. Ṣé wọ́n ṣe ìṣirò yẹn? Ta ló ṣe é? Iléeṣẹ́ mélòó ló du iṣẹ́ náà? Bí ẹyọ kan ni wọ́n pè, kí wọ́n sọ ìdí tó fi jẹ́ ẹyọ kan.

A ti kọ lẹ́tà béèrè ìwé náà lábẹ́ òfin 2011, ẹ̀dà lẹ́tà yẹn sì wà ní ọ́fíìsì wa fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Àwọn káńsẹ́lọ̀ tó jókòó níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá, a fẹ́ mọ ẹni tó ka ìwé náà nínú wọn kó tó nawọ́ sókè, ẹni tó bá kà á, kó wá sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wọ́ọ̀dù ẹ̀. Àwọn aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin n'Ìbàdàn lágbára láti pè é wò, kí wọ́n pè é kí katakata tó dé. Kí iṣẹ́ wíwó dúró títí ìwé á fi jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọjà náà fúnra ẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́jà, a gbọ́ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta fọ́ọ̀mù. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá gbé fọ́ọ̀mù wá bá yín, ẹ ní kó kọ́kọ́ mú ẹ̀dà àdéhùn dání wá, kẹ́ ẹ jọ kà á, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹni náà àti ọjọ́ tó wá sílẹ̀.