Aṣọ́lé wà nílẹ̀, ọmọ kejì gbá a wọlé: ṣé ó dáa?

Ìyá Onírẹsì Òke-Baálẹ̀: Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Lánàá, níbi àṣekágbá bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 ládùúgbò wa, aṣọ́lé ẹgbẹ́ kan fò, orúnkún ẹ̀ lu òpó irin, ó ṣubú, ó ń ké. Bọ́ọ̀lù yí dé iwájú ọmọ ẹgbẹ́ kejì. Ọmọ yẹn wo aṣọ́lé, ó wo ẹ̀yìn, kóòṣì ẹ̀ pariwo pé "Gbá a!", ó sì gbá a wọlé. 1–0, wọ́n gba ife. Nígbà tó parí, àwọn tó pàdánù kọ̀, wọn ò bọ àwọn yòókù lọ́wọ́. Ọmọ tèmi kọ́ ló gbá a o, orí bẹ́ǹṣì ni tèmi wà látàárọ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé ó yẹ kí ọmọ yẹn gbá bọ́ọ̀lù síta?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun: Ẹ kú oríire mà! Ife dé 🏆

Ìyá Onírẹsì Òke-Baálẹ̀: Àwa kọ́ la gba ife.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun: Amin, ọdọọdún la ó máa gbà á.

Rẹfirì Ọjọ́ Sátidé: Ká fi ti òfin ṣáájú. Òfin karùn-ún nínú òfin bọ́ọ̀lù ní bí ìpalára bá le, rẹfirì ni yóò fọn fèrè dá eré dúró. Bí kò bá le, eré ń lọ títí bọ́ọ̀lù á fi jáde. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé agbábọ́ọ̀lù ló gbọ́dọ̀ gbá a síta. Góòlù ni.

Aṣọ́lé Àtijọ́: Òfin, òfin. Kí ẹni tó kọ òfin wá fi orúnkún lu irin ná. December 2000, aṣọ́lé Everton wà nílẹ̀, ilé ṣófo, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù wá fún Paolo Di Canio ti West Ham. Ọwọ́ ló fi hán an! Ayò 1–1 ni wọ́n sì wà o. FIFA fún un ní àmì ẹ̀yẹ Fair Play, ti ìwà rere lórí pápá. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ọmọlúàbí.

Bàbá Ìbejì Òkè-Fíà: Ọmọlúàbí ke? Ṣé Di Canio tó ti rẹfirì ṣubú ní 1998 náà ni? Tí wọ́n ní kó lọ jókòó fún ìdíje 11? Ẹ lọ wá ẹlòmíì.

Tísà Kékeré: Àwọn òbí ló ń ba àwọn ọmọ yìí jẹ́. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ pápá nígbà tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù, èébú ló kún ibẹ̀.

Gúnà Ayétòrò: Ẹlòmíì rèé, ọmọ ilé wa gan-an. Kanu Nwankwo. February 1999, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wọ pápá fún àwa Arsenal nìyẹn, Sheffield United la bá pàdé. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù síta nítorí ẹni wọn tó fara pa. Parlour tiwa ju bọ́ọ̀lù padà fún wọn, Kanu ò mọ̀, ó sá tẹ̀ lé e, ó gbé e fún Overmars, góòlù! 2–1. Wenger, kóòṣì wa, fúnra ẹ̀ ló ní ká tún un gbá. A tún un gbá, 2–1 náà la tún nà wọ́n 😂 Ẹni bá ṣe rere kì í pàdánù.

Bàbá Ìbejì Òkè-Fíà: Kanu ò kúkú gbá a síta.

Gúnà Ayétòrò: Mo ní kò mọ̀ ni!

Bàbá Ìbejì Òkè-Fíà: Ọmọ ọdún 12 ló wá yẹ kó mọ̀?

Ọmọ Ìyá Alákàrà: Ṣé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Prime lẹ ń sọ ni? Ìgbà wo ni wọ́n gbá a?

Tísà Kékeré: Mo ní ÀWỌN ÒBÍ ni. Kóòṣì tó pariwo "Gbá a" yẹn, òbí ni òun náà.

Kóòṣì Àdúgbò: Èmi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀. Ọmọ tó wẹ̀yìn yẹn ti mọ ohun tó yẹ. Ohùn àgbà ló tì í. Mo sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé ìwà ń gbéni dé ibi tí góòlù ò gbéni dé. Ní ife àgbáyé Russia 2018, Japan àti Senegal, ojúàmì kan náà, góòlù kan náà, 2–2 ni àwọn méjèèjì gbá síra wọn. Káàdì yẹ́lò ni wọ́n kà. Mẹ́rin ni ti Japan, mẹ́fà ni ti Senegal. Senegal lọ sílé.

Bàbá Ìbejì Òkè-Fíà: Kóòṣì, ẹ parí ìtàn náà. Ìdíje tó kẹ́yìn, Poland ń na Japan 1–0, wọ́n gbọ́ pé Colombia ti jẹ Senegal, ni wọ́n bá ń ti bọ́ọ̀lù síra wọn lẹ́yìn bí ẹni tó ń ta ayò. Àwọn èèyàn ń hó lé wọn lórí. Ìyẹn náà ìwà ni? Níjọ́ tiwa, tó o bá ṣubú nínú mọ́ńkè pósì lẹ́yìn ọjà, wọ́n á fò ọ́ dá. A dìde, a ò kú.

Aṣọ́lé Àtijọ́: Dúró ná. Mọ́ńkè pósì ẹ̀yìn ọjà wo? Èyí tí igi máńgòrò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀?

Bàbá Ìbejì Òkè-Fíà: Òun ni. Kí ló dé?

Aṣọ́lé Àtijọ́: Háà! Ìwọ lolówó bọ́ọ̀lù! Ìwọ lo máa ń gbé bọ́ọ̀lù lọ sílé tí wọ́n bá ti fi góòlù méjì nà ọ́!!!

Gúnà Ayétòrò: 😂😂😂 Mo kú o

Bàbá Ìbejì Òkè-Fíà: Ìyá mi ló ń pè mí. Iṣẹ́ ni wọ́n máa ń rán mi.

Aṣọ́lé Àtijọ́: Gbogbo ìgbà tá a bá ti jẹ ọ́ ni ìyá ń pè? Tá ò bá jẹ ọ́, ìyá á gbàgbé ẹ síta títí ilẹ̀ á fi ṣú?

Bàbá Ìbejì Òkè-Fíà: Bọ́ọ̀lù tèmi ni. Bàbá mi ló rà á bọ̀ láti Ìbàdàn.

Aṣọ́lé Àtijọ́: Irọ́. Ti Ìbàdàn ti bẹ́ látọjọ́ tó bọ́ sórí wáyà. Èyí tó kẹ́yìn, a dáwó ni. Náírà mẹ́wàá mẹ́wàá. Mo san tèmi, owó àkàrà mi ni. Ìwọ lo gbé e lọ, a ò rí i mọ́ títí dòní.

Rẹfirì Ọjọ́ Sátidé: Ìbéèrè ìyá wa ńkọ́?

Tísà Kékeré: ÀWỌN ÒBÍ NI!!! Ẹ̀YIN ÒBÍ Ẹ DÁKẸ́ LẸ́GBẸ̀Ẹ́ PÁPÁ!!!

Ajẹ́sì Dọ́jà: Jẹ́sì ọmọdé wà lọ́wọ́ mi, Ìgbọ̀nà ni mo wà. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀.

Bàbá Ìbejì Òkè-Fíà: Èèyàn méje ló dáwó, èmi ni mo dá èyí tó pọ̀ jù. Náírà ogún.

Aṣọ́lé Àtijọ́: Ogún náírà lo wá fi ra ẹ̀tọ́ àti gbé gbogbo ẹ̀ lọ?

Alàgbà Dada: Ẹ̀yin ọmọ mi, bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.

Aṣọ́lé Àtijọ́: Bàbá, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ nínú mi ni.

Ìyá Onírẹsì Òke-Baálẹ̀: Mo ti lọ kí aṣọ́lé yẹn. Orúnkún ẹ̀ wú, àmọ́ kò ṣẹ́. Ọmọ tó gbá a wọlé ni mo bá níbẹ̀, òun àti bisikíìtì lọ́wọ́ ẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun: Ẹ kú oríire lẹ́ẹ̀kan sí i mà.

Gúnà Ayétòrò: Olówó bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù yẹn wà ńbẹ̀ ṣá?

Bàbá Ìbejì Òkè-Fíà: Ó wà lórí àjà ilé wa. Afẹ́fẹ́ ti tán nínú ẹ̀.

Aṣọ́lé Àtijọ́: Ẹ Ò RÍ I! Ó JẸ́WỌ́! Gbé e bọ̀ ní Sátidé, aago mẹ́rin. Mo ní póńpù. Góòlù méjì ló tó mi.

Bàbá Ìbejì Òkè-Fíà: Mò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa kọ́kọ́ mú èèyàn.