“Àǹtí, ẹ bá mi nà án dáadáa”

Bí òbí bá mú ọmọ tó ya pòkíì wá sí ilé ìwé wa ní Ìkéré-Èkìtì, gbólóhùn yìí ni wọ́n fi ń dágbére fún wa. Wọ́n gbà pé ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń buni jẹ, tó ń sọ òkò, tó ń sá jáde ní kíláàsì, pàṣán ló máa lé e kúrò lára rẹ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Pàṣán mi tiẹ̀ lórúkọ: Dọ́kítà.

Ọmọkùnrin kan ló là mí lójú. Bó bá ti sá jáde ní géètì, ọ̀nà Àkúrẹ́ ló ń dorí kọ, níbi tí ọkọ̀ kì í ti í ṣíwọ́ eré. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo nà án. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe rí i pé mò ń bọ̀, ó fi eré kún eré, ó di àárín títì. Ọlọ́kadà kan ló gbá a mú. Ẹ̀yin ará, èmi ni mo lé e débẹ̀.

Ohun tí ẹgba ń kọ́ ọmọdé ni bí a ṣe ń sá fún ẹni tó mú ẹgba lọ́wọ́. Ní 2011, Victoria Talwar àti Kang Lee tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ní ilé ìwé aládàáni méjì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ń na ọmọ ní ọ̀kan, wọn kì í nà wọ́n ní èkejì. Àwọn olùwádìí gbé ohun ìṣeré sẹ́yìn ọmọ, wọ́n ní kó má bojú wẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ló bojú wẹ̀yìn níbi méjèèjì. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n wò ó, àwọn tí wọ́n ń nà ló purọ́ jù, irọ́ tiwọn ló sì dán jù. Ẹgba ò dá wọn dúró, ahọ́n ló bá wọn pọ́n.

“Wọ́n na àwa náà, kò pa wá.” Ó dáa. Ẹ bi ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ pé kí ló ṣe tí wọ́n fi nà án. Yóò rántí tíṣà, yóò rántí ẹgba, ẹ̀ṣẹ̀ gan-an ni kò ní rántí.

Mo gbé Dọ́kítà sílẹ̀, mo mú ìwé kékeré kan. Gbogbo ìgbà tí ọmọkùnrin yẹn bá sá ni mò ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi hàn: agogo ni. Réèmù ọkọ̀ ni agogo wa, ẹ mọ bó ṣe ń dún. Yóò fọwọ́ di etí, yóò sì sá. Ní báyìí, kí wọ́n tó lu agogo, mo ti ń pè é: “Agogo fẹ́ dún o, wá dì mí lọ́wọ́ mú.” A sì ń ti géètì.

Bí inú bá ń bí i, àwọn ọmọ yòókù ni mo kọ́kọ́ ń kó jáde. Lẹ́yìn náà ni mo máa lóṣòó, kí ojú wa lè ṣe déédéé, ọ̀rọ̀ mi kì í sì gùn. Bó bá já sí títì, mo máa fà á pẹ̀lú agbára, ìyẹn kì í ṣe nínà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tún bu ọmọ kan jẹ nítorí pẹ́ńsù. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: aago mọ́kànlá, kò tíì jẹun láti àárọ̀. Mo ti ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀.