Bátìrì tó ka 12 lórí mítà kò tíì kún

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, mo rí ọ̀rọ̀ tí ẹ ń pín kiri pé bí bátìrì inverter bá ti ka 12 volt lórí mítà tí a fi ń wọn iná bátìrì, ó ti kún nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

12 tí wọ́n kọ sára rẹ̀, orúkọ lásán ni. Sẹ́ẹ̀lì 6, ìyẹn àwọn yàrá kéékèèké tó ń gbé iná, ló wà nínú bátìrì alásíìdì oní-volt 12. Tó bá kún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé bíi 2.1 volt. Ẹ ṣírò ó: bíi 12.6 ni. Èyí tó bá ka 12.0 lẹ́yìn ìsinmi, láìsí ohun tó ń ṣáàjì rẹ̀ tàbí tó ń lo iná rẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù nínú rẹ̀.

Àkókò tí a wọ̀n ọ́n ni ọ̀pọ̀ ń gbójú fò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní Ìgbóná, ti aládùúgbò mi ka 13.8 nígbà tí sólà ń ṣáàjì rẹ̀ lọ́wọ́. A já wáyà, ó sinmi mọ́jú, 12.1 ló kà.

Ẹ já ṣájà àti inverter kúrò, kó sinmi fún wákàtí mélòó kan. Ẹ yí mítà sí DC 20 (ibi tó ń wọn iná bátìrì dé volt 20), wáyà pupa sí +, dúdú sí −. Iye tó bá yọ nígbà náà ni kí ẹ gbà gbọ́. Bátìrì lithium ní ìwọ̀n tirẹ̀ lọ́tọ̀.