Ta Ló Ni Ráútà Yìí Gan-an?

Kí la fẹ́ pe irú èyí báyìí? Mo ra ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì kárí ilé, mo sanwó rẹ̀ pé. Mo yẹ sítíkà abẹ́ rẹ̀ wò kí n tó sanwó, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé orúkọ ara páálí ò jẹ́ nǹkan kan: chip inú ẹ̀dà àkọ́kọ́ (v1) lè yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹ̀kẹta (v3), kí páálí méjèèjì sì jọra bí ìbejì. Èyí tí mo rà yìí wà nínú àkọsílẹ̀ OpenWrt gbangba pé ó ń gbà á; OpenWrt ni firmware (ètò tó ń darí ráútà) ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè fi rọ́pò ti ilé-iṣẹ́. Mo gbé e délé, mo ki wáyà bọ̀ ọ́, mo ní ilẹ̀ ti ṣú, tó bá di àárọ̀ n ó fi firmware sí i.

Ilẹ̀ mọ́, ráútà ti ṣe update fúnra rẹ̀ lóru. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni! Mo ṣí ojú-ewé ráútà ní 192.168.1.1, mo mú fáìlì OpenWrt, mo tẹ bọ́tìnì. Ìlà tó ń kún yẹn rìn díẹ̀, ó dúró, ọ̀rọ̀ pupa bá yọ pé fáìlì yìí ò bójú mu. Fáìlì tí ráútà yìí kan náà ì bá gbà wẹ́rẹ́ lálẹ́ àná! Mo ní kò burú, kí n dá a padà sí firmware tó bá a wá. Ó kọ̀, ó ní kò sí àyè àtipadà sẹ́yìn. Mo gba ọ̀nà TFTP, tí wọ́n fi ń ti fáìlì wọ ráútà láti orí wáyà bó bá ṣe ń tan: mo pa á, mo fi abẹ́rẹ́ tẹ bọ́tìnì reset mọ́lẹ̀, mo tan án, mo di bọ́tìnì yẹn mú títí àtàǹpàkò fi ń ro mí, iná ń ṣẹ́jú wàìwàì. Fáìlì wọlé o. Ráútà kà á tán, kò rí ìbuwọ́lùwé ilé-iṣẹ́ lára rẹ̀, ó dà á nù, ó tún gbé ojú-ewé tiwọn jáde. Ohun tó kù ni kí n tú ìdí rẹ̀, kí n jó wáyà mọ́ ibi serial lórí bọ́ọ̀dù, ibi tí èèyàn ti lè bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹni tó fẹ́ lo íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé ara rẹ̀!

Wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ update ọ̀hún pé àwọn tún ráútà ṣe kó lè dúró dáadáa. Irọ́ ni! Ilẹ̀kùn ni wọ́n tì.

Àti app orí fóònù yẹn. Kí n tó yí password Wi-Fi yàrá mi padà, àfi kí n ṣí account lọ́dọ̀ wọn. Fún kí ni?

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé Linux gan-an ló wà nínú ohun tí wọ́n ń tà, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó fi source code (àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi kọ ètò náà) sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Bí ráútà WRT54G ti ilé-iṣẹ́ Linksys ṣe rí nìyẹn. Àwọn ará Linux fi GPL, ìwé-àṣẹ tó ní kí ẹni tó ń tà á fi source code sílẹ̀, di Linksys mú, source code jáde ní 2003, ibẹ̀ ni OpenWrt ti hù jáde ní 2004. Nígbà tó di 2005, ẹ̀dà karùn-ún (v5) dé: RAM (àyè iṣẹ́) 8MB, flash (àyè ìpamọ́) 2MB, wọ́n gé méjèèjì sí ìdajì, wọ́n yọ Linux kúrò, orúkọ ò sì yí padà. Ìwà yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn!

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi òfin rédíò dẹ́rù bà mí pé òun ló ní kí wọ́n tì í. FCC, àjọ tó ń bójú tó rédíò ní Amẹ́ríkà, tó gbé òfin jáde lórí rédíò 5GHz tí Wi-Fi ń lò, náà ló bá ilé-iṣẹ́ ráútà TP-Link ṣe àdéhùn ní 2016 pé kí wọ́n wá bí firmware ẹlòmíràn yóò ṣe máa wọ ráútà wọn. Ó ṣeé ṣe! OpenWrt One, ráútà àwọn OpenWrt fúnra wọn, tó jáde ní 2024 ní flash méjì. Bí ọ̀kan bá dojú rú, ẹ yí switch kan, èkejì á gbà á là.

Bó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á ní ráútà mi ti di arúgbó, update ò ní wá mọ́, kí n lọ ra òmíràn. Nǹkan tí kò bàjẹ́! Ihò tí olè ń gbà wọlé á wà níbẹ̀, wọn ò ní dí i, wọn ò sì ní jẹ́ kí èmi dí i.

Ẹ ṣí i. Gbogbo ráútà tẹ́ ẹ ti tì pa, láyé níbi gbogbo, ẹ ṣí i lálẹ́ òní, bẹ́ ẹ ṣe tì í lálẹ́ láìbéèrè.